Ìwé Tó Ń Bọ́ Bàbá Làmídì

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni Bàbá Làmídì, apẹja tí ojú rẹ̀ ti fọ́, fi wà nínú yàrá rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé láìsí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún un, nígbà tí ìwé wa ń sọ pé ẹgbẹ́ méjì ló ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo ṣe ìwé náà.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí oṣù ààwẹ̀ sì bọ́ sí ìgbà òjò. Èmi ni alága Àjùmọ̀ṣe, ìyẹn àpapọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú méje nílùú Ìbàdàn. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó wà níbẹ̀, àwọn tó ń gba ọmọ tí kò lóbìí sílé, àwọn tó ń kọ́ adití níṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń se oúnjẹ lọ fún aláìsàn tí kò ní ẹbí. Kò sí èyí tó tóbi nínú wọn. Òmíràn kò ju obìnrin mẹ́wàá àti ìkòkò ńlá méjì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ àánú jẹ́ ohun tí ènìyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Bódìjà lọ́sàn-án, tí oòrùn ń tòògbé lórí páànù ilé iwájú, ṣe ni àwọn ọdún yẹn máa ń padà wá bí ìkùukùu tó ń dìde lórí omi. N kì í rí ojú àwọn ènìyàn ìgbà náà tán. Ohùn wọn ni mo máa ń gbọ́. Ohùn wọn náà ni n ó sì fi sọ ọ́ fún yín.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́kọ́ ṣe, ní Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olóòtú mi ní àwọn obìnrin kan máa ń pàdé lọ́jọ́bọ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtàwé ní Ring Road, kí n lọ wò ó bóyá ìròyìn wà níbẹ̀. Mo lọ. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń kọ. Ẹni tó ń darí ìpàdé jẹ́ obìnrin gíga kan tó wé gèlè funfun. Màmá Ògúntóyè ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi látilẹ̀. Ó dá ìpàdé dúró, ó wò mí.

"Kí lò ń kọ?"

"Ohun tí ẹ ń sọ ni, Mà."

"Kà á sí mi létí."

Mo kà á. Ó pa ojú dé títí mo fi parí.

"O ò fi kún un. O ò yọ níbẹ̀. Wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Mà, iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe."

"Mo gbọ́. Aago mẹ́jọ ni."

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó oṣù, ẹ má bi mí. Ó tó ra ìrẹsì. Kò tó ra ẹran tó máa bá ìrẹsì lọ.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ yìí nígbà náà, tàbí bó bá wà, èmi kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti kọ́ ọ, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni kíka orúkọ.

Ìwé ńlá kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ti rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ méjèèje ń ràn lọ́wọ́ ni orúkọ wọn wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́jọ́bọ̀, Màmá á ṣí i, á pe orúkọ kan, á ní, "Ta ló rí i?" Ẹni tó bá rí i á dìde. "Èmi ni, Mà. Mo rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń ṣa ẹ̀wà." Ó parí. A ó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Bí kò bá sí ẹni tó rí i, ìpàdé dúró nìyẹn.

Mo rántí òwúrọ̀ kan tí Màmá pe orúkọ opó kan ní àdúgbò Challenge. Màmá Comfort, olórí àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi, ló dìde. Ó sanra, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀.

"Ara rẹ̀ ti yá, Mà. Wọ́n ní ó ti ń lọ sọ́jà."

"Ta ni ń jẹ́ Wọ́n?"

"Aládùúgbò rẹ̀ kan ló sọ fún ọmọ ìjọ wa."

"Èmi ò mọ Wọ́n. Wọ́n ò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Lọ wò ó."

"Nísinsìnyí, Mà?"

"Àbí kí n bá ọ gbé báàgì ni?"

Alhaja Sàríyù bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Òun ni olórí àwọn obìnrin Mùsùlùmí, àwọn ará Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tó wá ṣòwò ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún aláìsàn. "Comfort, bá mi ra ọsàn bọ̀ o. Ìpàdé ti di ìrìn àjò."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. A jókòó dè é. Fáànù ń yí lókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ohun tó ti gbàgbé. Ariwo ọkọ̀ Ring Road ń wọlé wá láti ọ̀nà jíjìn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ etí sínú ìkarawun. Wákàtí kan ó lé kí Màmá Comfort tó dé, òógùn bò ó, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mo rí i, Mà. Kò lọ sọ́jà kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ. Òun wà lórí ẹní, ibà ń jà á."

Màmá kọ ọ́ sílẹ̀. "O ṣeun. Jókòó, kí wọ́n fún ọ lómi."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Màmá kò kà á sí òwe. Òfin ló kà á sí.

Ìyà tèmi náà ń bọ̀. Ó rán mi lọ sí Agbowó, lọ́dọ̀ ìyá kan tó máa ń ta ìwé àtijọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí àìsàn tó dá a jókòó. Mo lo odidi ọ̀sán kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Ó sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ méjèèjì fún mi, ó sọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó jí ìwé rẹ̀ tó wá di ọ̀gá ńlá. Ojú ewé márùn-ún ni mo kọ. Inú mi dùn bí mo ṣe ń kà á fún Màmá. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wo, Mà?"

"Èyí tó fi ń rìn."

N kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìró ló fi bò ó. Màmá kò bá mi wí. Ó kàn na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo padà lọ sí Agbowó nínú oòrùn, mo bẹ ìyá náà kó jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó ṣí ìró, egbò kan wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ti ń rùn. Ó ti tó oṣù méjì tó ti wà níbẹ̀. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ìwọ lo ní kí n máa sọ ìtàn. O ò bi mí léèrè ìrora."

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ìyá yẹn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Màmá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti sinmi. Wọ́n dìbò, wọ́n ní kí n jẹ́ alága. Akọ̀wé ni wọ́n ti ń pè mí, Akọ̀wé náà ni wọ́n ń pè mí lọ.

Ṣíṣe olórí àwọn olórí ni iṣẹ́ tó le jù láyé. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí mo lè lé lọ. Kò sí èyí tí mo lè pàṣẹ fún. Inú rere ló gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, inú rere a sì máa jowú ara wọn ju ìwà ìkà lọ. Láàárín oṣù méjì tí mo dé orí àga, ìjà dé.

"Akọ̀wé," Alhaja ló ń sọ̀rọ̀, "àwọn Comfort ń fi ọbẹ̀ pe àwọn ènìyàn wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọbẹ̀ wo, Alhaja?" ni Màmá Comfort fèsì. "Ẹran inú ọbẹ̀ yẹn ò tó pe ológbò!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Mo ronú lé e lórí. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Mo bá ṣe òfin: ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún ara wọn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àlàáfíà dé. Àfi bí ẹni pé a tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ń rọra gbé ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé. Ilé ẹ̀kọ́ kan ra tuntun, wọ́n fún wa ní ògbólógbòó ẹ̀rọ tí a máa ń fi ọwọ́ yí, èyí tó ń sọ ojú ewé kan di ogójì. Orúkọ ti pọ̀ nínú ìwé nígbà náà. Bí a bá ka orúkọ láàárọ̀, ìrun Àsárì á bá wa lẹ́nu rẹ̀. Mo bá tẹ gbogbo orúkọ sórí sitẹ́nsù, bébà tí ẹ̀rọ náà máa ń fi ṣe ẹ̀dà, mo fa ilà sí i, mo sì ṣe àpótí kékeré kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni náà bá wà ní ìtọ́jú yín, ẹ fi àmì sí àpótí yín. Ó tán. Kò sí "Ta ló rí i?" mọ́. Ìpàdé tó ń gba gbogbo ọ̀sán wá ń parí láàárín wákàtí kan.

Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn. Mo fẹ́ràn òórùn yíǹkì rẹ̀, bí bébà ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ṣì tutù, tí mo máa ń tò wọ́n sórí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ á tutù, ẹ̀rọ á máa ké wìn-ìn, á dà bí ẹni pé ìlú Ìbàdàn látòkè délẹ̀ ti wọ inú bébà yẹn, tí gbogbo rẹ̀ ti jẹun, tí gbogbo rẹ̀ ń sùn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi kò fi ẹ̀sọ̀ mú un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìfẹ̀yìntì níbí, nítorí kò gùn. Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn èyí, fóònù alágbèéká dé, mo lo gbogbo wọn, mo sì gbé àga sílẹ̀ nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ju ẹnu mi lọ. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri. Mo ti sọ èyí tán. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ẹlẹ́yẹlé.

Bàbá Làmídì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí omi tí ìjọba sé síbẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ lọ, kò kúrò létí omi. Yàrá rẹ̀ dojú kọ ọ́. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí, bí ẹja bá sì ta lókèèrè, á sọ irú ẹja tó jẹ́ fún yín. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Màmá Comfort ló kọ́kọ́ rí i, àwọn ló sì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un lójoojúmọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ wọn.

Oṣù ààwẹ̀ wọlé. Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí kì í pariwo, tó ń sọ omi àti òfuurufú di aṣọ kan náà. Àwọn tó ń gbé yàrá kejì sí ti Bàbá ti kó lọ nítorí òrùlé tó ń jò. Gààrí díẹ̀ wà nínú agolo rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹfà, láàárọ̀, apẹja kan tó ń jẹ́ Súlè ń ti ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sómi. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Mo rí nǹkan kan nínú ẹrẹ̀ létí omi. Mo rò pé igi ni. Mo fẹ́ fi àjẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi náà wá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, 'Ṣé ìwọ ni, Súlè? Mo mọ ìró àjẹ̀ rẹ.'"

Ebi ló lé Bàbá jáde. Ó fẹ́ rákò lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó ṣubú, ó fi itan pa. Súlè gbé e sínú takisí lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀gá Wẹ́fíà ti ìjọba, ẹni tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó bi Súlè pé ta ló ni bàbá yìí. Súlè ní, "Àwọn Àjùmọ̀ṣe ló ni ín."

Ìyáàfin Adéìgbé ni ọ̀gá náà ń jẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ọwọ́ rẹ̀ ni agbára lórí ìwé àṣẹ wa wà. Bó bá gbà á lọ́wọ́ wa, ẹgbẹ́ méjèèje kò ní lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹnikẹ́ni sílé mọ́: wọ́n á pín àwọn arúgbó ká, wọ́n á pín àwọn ọmọ ká. Ó pè wá sí yàrá wa ní Ring Road lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ojú ewé ọ̀sẹ̀ náà sórí tábìlì. Àmì méjì wà níwájú orúkọ Bàbá Làmídì, ọ̀kan látọwọ́ Màmá Comfort, ọ̀kan látọwọ́ Alhaja.

"N ó gbọ́ tẹnu gbogbo yín," ó ní. "Agbọ́tẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?"

Màmá Comfort ló bẹ̀rẹ̀, ó ń fi gèlè nu ojú. "Mà, báwo ni n ó ṣe gbé ìrẹsì tó ń ta sánsán lọ síwájú Mùsùlùmí lọ́sàn-án oṣù ààwẹ̀? Wọ́n á ní mo wá ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo ní kí àwọn ọmọ mi má lọ. Mo mọ̀ pé Alhaja ò ní í jẹ́ kó ṣínu lófo."

Alhaja yíjú sí i. "O sọ fún mi?"

"Ṣé èmi ni n ó wá kọ́ yín ní ẹ̀sìn yín, Alhaja? Kí n wá ní, 'Ẹ rántí gbé ìṣínu fún Bàbá'? Ẹ ò ní í ní mo ti gbéra ga?"

"Tìẹ ni, Comfort! Abẹ́ yín ló wà! Òfin Akọ̀wé ni kí n má gbé abọ́ dé ibi tí ẹ bá wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ìṣínu kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí mò ń lọ sílé ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì! Mo ní kí n má yọjú, kí wọ́n má tún ní mo wá já a gbà." Tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mú un.

"Kí ló dé tí ẹ wá fi àmì sí orúkọ rẹ̀?" ni Ìyáàfin Adéìgbé bi í.

"Sàká ọjọ́ ọdún ni. A ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tí a ó fún."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá Comfort?"

"Tiwa ni, Mà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi àmì síbẹ̀." Ó wo bébà náà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìwé ò bi mí bóyá mo rí i."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Gbogbo wọn kò wò mí, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wò. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi pa Bàbá Làmídì tì. Ọ̀wọ̀ yẹn náà ni mo kọ́ wọn, mo fi òfin dè é, mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Mo dìde. "Ẹ̀bi mi ni, Mà. N ó gbé àga sílẹ̀ lónìí."

"Ẹ jókòó," ó ní. "Èmi ò tíì bi yín léèrè ìyẹn. Mo fẹ́ lọ bi ẹni tó kàn."

Gbogbo wa tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn. Màmá Ògúntóyè ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. N kò mọ ẹni tó ránṣẹ́ sí i. Ó ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, etí aṣọ rẹ̀ ṣì tutù, ó ń wo omi tí wọ́n fi sí Bàbá lápá bó ṣe ń kán, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wò ó. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Mo ń retí ìbáwí. Ó ní, "Dìde, Akọ̀wé. Ṣé o ti wo itan rẹ̀?"

"Rárá, Mà."

"Wá wò ó."

Mo wò ó. Ó ti wú, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ kàn án. Bàbá Làmídì kọ ojú rẹ̀ tí kò ríran sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ta nìyí? Kì í ṣe ọwọ́ apẹja."

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni alága Àjùmọ̀ṣe."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti gbọ́ orúkọ yín rí. N kò pàdé yín rí."

Òótọ́ ni. Ọdún kejì nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé mi.

Ìyáàfin Adéìgbé fa àga, ó jókòó tì í. "Bàbá, ẹ kú ìrora. Kí ló dé tí ẹ ò pariwo? Ẹ ò ránṣẹ́?"

"Mo rò pé nítorí ààwẹ̀ ni wọn ò ṣe wá. Ọmọlúàbí ènìyàn ni wọ́n. Mo ní kí n má dójú tì wọ́n. Kí wọ́n má rò pé ọ̀jẹun ni mí." Ó mí. "Àwọn àlùfáà ti ní kí n má gbààwẹ̀ mọ́, láti ọdún tó kọjá. Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Alhaja bo ojú. Màmá Comfort di apá rẹ̀ mú.

"Mo lè tú wọn ká, Bàbá," ni Ìyáàfin Adéìgbé wí. "Mo lè fi yín sábẹ́ ẹlòmíràn. Kí lẹ fẹ́?"

Bàbá Làmídì kọ ojú sí fèrèsé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù ń wọlé.

"Ẹ má tú wọn ká," ó ní. "Àwọn wọ̀nyí ti gbàgbé mi tán. Wọn ò tún lè gbàgbé mi mọ́. Bí ẹ bá fún mi ní tuntun, ìyẹn ṣì máa kọ́kọ́ gbàgbé mi ná."

Màmá Ògúntóyè nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Ìyáàfin Adéìgbé kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó dúró, àwa náà dúró yí i ká. Mo mú ìwé àti kálàmù jáde, mo sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ó ní òun kò tíì ní gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ó ní fún oṣù mẹ́ta, a kò gbọdọ̀ gba ẹni tuntun kankan. Ó ní kí n má gbé àga sílẹ̀, ó ní sísá kò lè wo itan Bàbá sàn.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní, "n ó máa wá sọ́dọ̀ yín láìsọ ọjọ́. N ó mú orúkọ kan nínú ìwé yín, èyíkéyìí tí ọwọ́ mi bá bà. A ó jọ lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni náà. N kò ní bi yín léèrè ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ ó dúró síta. Òun ni n ó wọlé lọ bi léèrè orúkọ yín. Ilé àkọ́kọ́ tí wọn ò bá ti mọ orúkọ yín, ibẹ̀ náà ni n ó ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín."